Kẹ̀kẹ́ tí a so ẹ́ńjìnnì mọ́ kò fẹ́ gòkè: kí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe?

Agunkè kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ ni mo so mọ́ kẹ̀kẹ́ mi, irú èyí tí wọ́n máa ń kọ 80cc sí lára páálí rẹ̀. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ń sáré tó kìlómítà 35 ní wákàtí kan láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n òkè kan wà lójú ọ̀nà tí mo ń gbà lójoojúmọ́ tí ó ń dójú tì mí. Bí a bá rin mítà 100 lórí rẹ̀, a ó ti gòkè tó mítà 8, apá ìparí rẹ̀ sì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá dé ìdajì, ohùn ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ara kẹ̀kẹ́ á máa gbọ̀n, eré á já wá sí 15, nígbà tí ó bá sì yá, n ó sọ̀kalẹ̀ máa tì í.

Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, ìyẹn irin eléyín tí ṣéènì ń yí, jẹ́ eléyín 44, ti iwájú jẹ́ eléyín 10, táyà sì jẹ́ íńṣì 26. Mo wọn kìlógíráàmù 75. Kẹ̀kẹ́, ẹ́ńjìnnì àti epo inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 25. Mo ń gbèrò láti ra sàlẹ́ńsà oníkùn ńlá, irú èyí tí àwọn asáré-ìje ń lò, àti hẹ́ẹ̀dì (ìdérí orí sílíńdà) tí ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an. Ṣé ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀gá Ṣéènì dáhùn pé:

Àbúrò mi, má tíì ra nǹkan kan. Jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òkè yẹn ń béèrè, kí a sì wo ohun tí ẹ́ńjìnnì rẹ ní lọ́wọ́.

Láti sáré kìlómítà 30 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ìwọ àti kẹ̀kẹ́ tí ẹ jọ wọn kìlógíráàmù 100 nílò nǹkan bíi wáàtì 290, afẹ́fẹ́ tí ń kọlù ọ́ ní àyà ni ó sì ń jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gbé eré kan náà lọ sórí òkè 8%, ó di nǹkan bíi wáàtì 940. Bí o bá gbà láti máa lọ ní 20, ó wá sílẹ̀ sí nǹkan bíi 550. Lórí òkè, ìwúwo ni ọ̀tá rẹ, kì í ṣe afẹ́fẹ́ mọ́. Ìdí nìyí tí kẹ̀kẹ́ tí ń fò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ fi lè kú sórí òkè láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́.

Nísinsìnyí, wo ẹ́ńjìnnì. Ihò sílíńdà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 47, písítìnì ń rin mìlímítà 38, bí o bá sì ṣe ìṣirò rẹ̀, 66cc ni wàá bá, ohun yòówù tí páálí ìbáà wí. Ẹ́ńjìnnì tí ó kéré báyìí kì í ní agbára gidi bí kò bá yí dáadáa. Nínú rẹ̀, jíà eléyín 20 ń yí èyí tí ó ní eyín 82. Níta, eyín 10 ń yí eyín 44. Àpapọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì ní láti yí ní ìgbà 18 kí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí o bá ń lọ ní 35 ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń yí ní nǹkan bí ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, ibẹ̀ sì dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òkè bá ti fà ọ́ wá sí 15, kò yí ju nǹkan bí ìgbà 2,200 lọ. Ní ìwọ̀n yẹn, kò sí agbára tí ó lè mú wá. Bí agbára bá sì ti dín kù, eré á tún dín kù, ìyíyí á tún dín kù, títí tí yóò fi kú. Ìgbọ̀nrìrì tí o ń rí nìyẹn.

Ẹni tí ó ru ẹrù wúwo gòkè kì í gbé ẹsẹ̀ gbọọrọ. Ìgbésẹ̀ kéékèèké ni ó ń gbé. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn tí eyín rẹ̀ pọ̀ ni ó ń fún ẹ́ńjìnnì ní irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi eléyín 50 rọ́pò 44, ipá tí ń yí táyà yóò fi nǹkan bí 14% pọ̀ sí i láìjẹ́ pé o fọwọ́ kan inú ẹ́ńjìnnì rárá. Bí ó bá jẹ́ 56, ó lé ní 27%. Ní eré kìlómítà 20 ní wákàtí kan lórí òkè, ẹ́ńjìnnì tí ń yí ní ìgbà 2,900 pẹ̀lú 44 yóò máa yí ní 3,300 pẹ̀lú 50, àti 3,700 pẹ̀lú 56. Ohun tí wàá san padà ni eré orí ilẹ̀ títẹ́jú: pẹ̀lú 56, bí o bá ní dandan àfi kí o sá 40, ẹ́ńjìnnì yóò ní láti yí kọjá ìgbà 7,000, kò sì ní pẹ́ tí bóòtù yóò fi máa já bọ́. Nítorí náà, 50 ni èmi yóò kọ́kọ́ mú.

Kíákíá dáhùn pé:

Ọ̀gá, mo bọ̀wọ̀ fún ìṣirò yín, ṣùgbọ́n ta ni ó ra ẹ́ńjìnnì kí ó lè máa rìn bí ìgbín ní pẹ̀tẹ́lẹ̀? Sàlẹ́ńsà tí ó wá pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí há, èéfín kì í ráyè jáde. Mo fi oníkùn ńlá rọ́pò tèmi, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì hàn lójú ẹsẹ̀. Agunkè, ra sàlẹ́ńsà náà ní tìrẹ, kí o fi sípírọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ìyá Pílọ́ọ̀gì dáhùn pé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa lápálápá. Ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè bóyá agbára tí ẹ́ńjìnnì náà ti ní tẹ́lẹ̀ ń dé táyà, tàbí bóyá ẹ́ńjìnnì náà tilẹ̀ ń jóná bí ó ti yẹ. Bí ohun kan bá ń jí agbára jẹ lójú ọ̀nà, kò sí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí sàlẹ́ńsà tí yóò dá a padà.

Agunkè, bẹ̀rẹ̀ láti orí kílọ́ọ̀ṣì, ohun tí ń so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ ṣéènì tí ó sì ń tú u. Tẹ́tí sí ohùn ẹ́ńjìnnì nígbà tí o bá ń gòkè. Bí ohùn bá ń lọ sókè tí kẹ̀kẹ́ sì ń fà sẹ́yìn, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì tàbí gíríìsì ti kan àwọn páàdì rẹ̀, tàbí pé kébù rẹ̀ le jù débi pé kò lè dì mú tán. Jẹ́ kí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ní àyè mìlímítà 2 tàbí 3 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bí ohùn àti eré bá jọ ń wálẹ̀ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí o ti ṣàlàyé, ó ṣeé ṣe kí kílọ́ọ̀ṣì má jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ṣe àyẹ̀wò náà.

Lẹ́yìn èyí, tú ṣéènì ẹ́ńjìnnì kúrò, gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè, kí o sì fi ọwọ́ ta táyà ẹ̀yìn. Ó yẹ kí ó yí pẹ́, kí ó sì dúró fúnra rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá yára dúró, bóyá bíréèkì ni ó ń họ rímù, bóyá bíárìnì ni wọ́n fún jù. Fún táyà ní afẹ́fẹ́ tí ó tó ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pílọ́ọ̀gì. Má ṣe yọ ọ́ wò lẹ́yìn tí o ti rọra wakọ̀ délé, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí ìrìn pẹ̀lẹ́ ni yóò fi hàn ọ́. Fún un ní iná tán pátápátá lórí òkè náà, ìyẹn ni pé kí o yí ọwọ́ epo dé òpin, kí o pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ láìdín iná kù, kí o di kílọ́ọ̀ṣì mú, kí o fa bíréèkì, kí o sì yọ pílọ́ọ̀gì níbi tí o dúró sí. Bí séràmíìkì funfun àárín rẹ̀, èyí tí ó yí irin ká, bá ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa tí ó fúyẹ́, epo àti afẹ́fẹ́ bá ara wọn mu. Bí ó bá dúdú tí ó sì tutù, epo pọ̀ jù. Bí ó bá funfun ṣáṣá, epo kéré; má gun òkè náà mọ́ títí wàá fi wá ìdí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni písítìnì ti ń yọ́.

Agunkè dáhùn pé:

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá wa. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Kílọ́ọ̀ṣì kò yọ̀. Táyà ẹ̀yìn kò yí tó ìgbà méjì kí ó tó dúró, mo sì rí i pé páàdì bíréèkì apá òsì ń fẹnu kan rímù ní ibi kan. Pílọ́ọ̀gì dúdú bí èédú, ó tutù, epo sì ń rùn lára rẹ̀. Nígbà tí mo dá ṣéènì padà tí mo sì ń fi ọwọ́ yí táyà díẹ̀díẹ̀, ṣéènì náà dẹ̀ wọ̀ọ̀wọ̀ ní ìhà kan, ó sì le gírígírí bí okùn tí a fà ní ìhà kejì. Ṣé èyí náà lè fa ìṣòro?

Ọ̀gá Ṣéènì dáhùn pé:

Ó ń fa ìṣòro gidi, ó sì wọ́pọ̀ púpọ̀. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí kì í jókòó sórí họ́ọ̀bù. Rọ́bà méjì ni wọ́n fi di sípókù láàárín, tí wọ́n sì fi bóòtù mẹ́sàn-án fún un pọ̀. Nítorí náà, kò sí ohun tí ń fi í sí àárín gbùngbùn àfi ojú àti ọwọ́ ẹni tí ó dì í. Bí ó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan ní mìlímítà díẹ̀, ṣéènì yóò máa le, yóò sì máa dẹ̀ bí táyà ti ń yí. Níbi tí ó ti le, ó ń fa bíárìnì, ó ń jẹ agbára. Níbi tí ó ti dẹ̀, ó lè bọ́ lórí eyín, bí ó bá sì há sínú sípókù lórí òkè, ìtàn mìíràn nìyẹn.

Tú àwọn bóòtù náà díẹ̀, kì í ṣe tán. So bíírò tàbí wáyà kan mọ́ férémù kí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí eyín, kí o sì máa yí táyà. Ibi tí eyín bá ti sún mọ́ wáyà jù ni kí o rọra fi òòlù onírọ́bà gbá sẹ́yìn. Ṣe é títí àlàfo náà yóò fi dọ́gba yíká, kí o wá máa fún àwọn bóòtù náà ní ìdojúkọ-ìdojúkọ, kì í ṣe ní títẹ̀lé ara wọn. Tún wo ó láti ẹ̀yìn: kò gbọdọ̀ máa jó lọ sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn náà, fi àyè tí ó tó mìlímítà 12 sílẹ̀ fún ṣéènì láàárín, kí o sì wọ̀n ọ́n níbi tí ó ti le jù lọ. Bí o bá ti fẹ́ tú u, eléyín 50 náà ni kí o kúkú fi sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí o má baà ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣéènì yóò nílò ojú díẹ̀ sí i.

Ìyá Pílọ́ọ̀gì dáhùn pé:

Ní ti pílọ́ọ̀gì dúdú, jẹ́ẹ̀tì ńlá inú kàbúrétọ̀ ni kí o wò, ìyẹn ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá níbi tí a ti ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Nígbà tí iná bá ti kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, jẹ́ẹ̀tì yẹn ni ó ń pàṣẹ, orí òkè sì ni a ti máa ń fún iná tán. Abẹ́rẹ́ inú kàbúrétọ̀ àti kílíìpù tí ó dì í mú ní tiwọn ń ṣàkóso ìgbà tí iná bá wà ní àárín, nítorí náà má ṣe máa sún kílíìpù kiri nígbà tí ọ̀ràn rẹ jẹ́ ti orí òkè. Mú jẹ́ẹ̀tì tí nọ́ńbà rẹ̀ fi ìwọ̀n kan kéré sí èyí tí ó wà níbẹ̀, gun òkè, kí o sì tún yọ pílọ́ọ̀gì wò. Ìwọ̀n kan lẹ́ẹ̀kan, má fò ó. Nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti di ti ilẹ̀ pupa, dúró síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín epo kù ju bẹ́ẹ̀ lọ ń wá ooru.

Ṣùgbọ́n kí o tó dín epo kù, rí i dájú pé afẹ́fẹ́ kò gba ibòmíràn wọlé. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí o fọ́n omi ìfọ-kàbúrétọ̀ díẹ̀ sí ojú gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàárín kàbúrétọ̀ àti sílíńdà, níbi tí iná kò sí, kí ẹ́ńjìnnì sì tutù. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ihò wà níbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ ara rẹ náà pé ìwọ̀n ọ́ìlì wo ni o ń pò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun pẹ̀lú epo ìdá 16 sí ọ́ìlì ìdá 1, wọ́n á sì gbàgbé síbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti mọ́ ara rẹ̀, ìdá 32 sí 1 ni ọ̀pọ̀ ń lò.

Arìnkè dáhùn pé:

Kí n fi kékeré kan kún un. Bí ibi tí ẹ ń gbé bá ga, afẹ́fẹ́ tí ń wọ ẹ́ńjìnnì ń fúyẹ́ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá fún gbogbo mítà 1,000 tí ẹ bá gòkè. Agbára ń dín kù bákan náà, epo sì ń pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́ tí ó wà. Jẹ́ẹ̀tì tí ó bá ilẹ̀ etí òkun mu lè dú pílọ́ọ̀gì lórí òkè gíga. Bí ẹ bá sì tún padà sísàlẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ẹ̀tì kékeré, ẹ kíyè sí ooru.

Kíákíá dáhùn pé:

Ó dára, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ó sọ ìdí tí sàlẹ́ńsà kò fi yẹ. Tèmi ń ṣiṣẹ́, mo sì tún gbé ẹnu ihò èéfín sílíńdà sókè.

Ọ̀gá Ṣéènì dáhùn pé:

Kíákíá, mi ò sọ pé kò dára. Níbi tí agbára rẹ̀ ń bọ́ sí ni mo ń bá ọ sọ. Kùn ńlá inú sàlẹ́ńsà yẹn ń dá ìgbì èéfín padà, kí ó lè ti epo tuntun tí ó fẹ́ bá èéfín jáde padà sínú sílíńdà. Ìgbì náà gbọ́dọ̀ dé ní àkókò, gígùn páìpù ni ó sì ń pinnu iye ìyíyí tí yóò bá a dé déédéé. Èyí tí wọ́n ṣe fún eré ìje ń bá a dé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíákíá. Nígbà tí òkè bá ti mú ẹ́ńjìnnì wá sílẹ̀ sí 2,500, ìgbì náà lè dé ní àkókò tí kò dára, kí ó sì tún burú ju sàlẹ́ńsà àtilẹ̀wá lọ. Páìpù gígùn dára fún òkè ju kúkúrú lọ. Ní ti gbígbé ẹnu ihò èéfín sókè, òdìkejì ohun tí Agunkè ń wá gan-an ni: ó ń sún agbára lọ sókè, ó sì ń gbà á kúrò nísàlẹ̀. O gbádùn rẹ̀ nítorí pé ojú ọ̀nà rẹ tẹ́jú.

Hẹ́ẹ̀dì tí ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní tirẹ̀ ń fi agbára kún un nísàlẹ̀ àti lókè, mo gbà, àmọ́ ooru rẹ̀ pọ̀, orí òkè sì ni ooru ti ń mú jù. Ìyẹn lè dúró di ẹ̀yìn.

Oníjíà dáhùn pé:

Nǹkan méjì tí ó bá òkè mu ju sàlẹ́ńsà lọ wà. Ọ̀kan ni fáàfù pẹlẹbẹ tí a ń fi sí ẹnu ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, písítìnì fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣí ọ̀nà náà, tí ó sì ń tì í, nítorí náà bí ó bá ń yí jẹ́jẹ́, epo díẹ̀ ń tú padà jáde láti ẹnu kàbúrétọ̀. Ẹ lè rí ìkùukùu rẹ̀ bí ẹ bá yọ fílítà. Fáàfù náà ń dí i lọ́nà, agbára ìsàlẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Èkejì ni kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí ṣéènì ẹsẹ̀ dípò kí ó ní ṣéènì tirẹ̀, kí ó lè máa lo àwọn jíà tí ó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Èyí ni ojútùú gidi, nítorí pé kò ní sí pé a ń fi eré pẹ̀tẹ́lẹ̀ ṣòwò òkè mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ le, ó ń jẹ ṣéènì àti eyín jíà kíákíá, férémù gbogbo kọ́ ni ó sì bá mu. Ìdí kan náà ni àwọn mọ́tò oníbátìrì tí wọ́n ń fi sí ìdí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fi ń gòkè ju èyí tí wọ́n fi sínú họ́ọ̀bù lọ: ti ìdí ẹsẹ̀ ń lo jíà, ti họ́ọ̀bù kò ní ibi tí yóò sá sí, ooru ni ó sì ń sọ iná rẹ̀ dà bí ó bá ti ń rìn jẹ́jẹ́.

Ọ̀gá Ṣéènì dáhùn pé:

Mo fara mọ́ Oníjíà. Àti pé kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. VéloSoleX, kẹ̀kẹ́ elẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ilẹ̀ Faransé ní 1946 ń fi rólà yí táyà iwájú, agbára rẹ̀ kò tó ti ẹṣin kan, wọ́n sì retí pé kí ẹni tí ó gùn ún ràn án lọ́wọ́ bí òkè bá dé. Wáàtì 100 tí ẹsẹ̀ lè mú wá láìlágídí jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí òkè Agunkè ń béèrè ní kìlómítà 20. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ ni ìsàlẹ̀ òkè, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń kọrin. Bí ó bá ti ń gbọ̀n kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹsẹ̀, ó ti pẹ́.

Agunkè dáhùn pé:

Mo fẹ́ jábọ̀ fún yín. Mo gbé páàdì bíréèkì kúrò lára rímù, mo dín jẹ́ẹ̀tì kù títí pílọ́ọ̀gì fi ní àwọ̀ ilẹ̀, mo sì fi sípírọ́kẹ́ẹ̀tì eléyín 50 sí àárín pẹ̀lú wáyà gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá ti wí. Ṣéènì ti dọ́gba yíká. Kẹ̀kẹ́ náà ń gun òkè yẹn báyìí ní nǹkan bíi 22, ohùn rẹ̀ kò sì já. Lórí apá tí ó le jù, mo ń fi ẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Eré pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 30 bí mo bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí bí ó ti ń yí tẹ́lẹ̀, kò sì dùn mí. N kò tíì ra sàlẹ́ńsà. Ìbéèrè kan ni ó kù: mo máa ń pa iná tì pátápátá bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, kí ẹ́ńjìnnì lè bá mi dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ṣé ó burú?

Ìyá Pílọ́ọ̀gì dáhùn pé:

Ó burú o, ọmọ mi. Inú epo ni ọ́ìlì wà. Bí o bá pa iná tì, epo kò wọlé, ọ́ìlì náà kò wọlé, síbẹ̀ táyà ṣì ń fi tipátipá yí ẹ́ńjìnnì kíákíá, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná láti orí òkè ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ṣe ń nọ́ọ̀kì. Bí o bá dé orí òkè, jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tutù. Nígbà tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, di kílọ́ọ̀ṣì mú kí ẹ́ńjìnnì máa mí fúnra rẹ̀, tàbí kí o máa fún un ní iná díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Èyí túmọ̀ sí pé bíréèkì nìkan ni yóò máa dá ọ dúró, nítorí náà wo páàdì méjèèjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí o tó tún gba ibẹ̀ kọjá, kí o sì rí i pé èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sún kúrò lára rímù yẹn ṣì ń dì í mú gírí bí o bá fà á.